Páwà-Báìkì Tọ́kùnbọ̀: Èló Ló Yẹ Kí Owó Ẹgbẹ́ San Lórí Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dé lóṣù yìí kì í ṣe ti gàrí, kì í ṣe ti pákó. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni, kì í sì í ṣe èyí tí ó ń gbé èrò láti Ìbàdàn Gáréèjì lọ sí Òkè-Àjẹ́. Àwọn ńlá tó ń bú bí ẹkùn ni à ń wí, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní páwà-báìkì, tí wọ́n gbé ti Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù dé, tí ẹlòmíràn ti gùn tẹ́rùn kí ó tó kàn wá. Ìdí tí a fi mú un wá síbí ni pé ìwé ẹ̀yáwó tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ nítorí rẹ̀ ń pọ̀ sí i lórí tábìlì akọ̀wé, ẹnu àwọn ìgbìmọ̀ kò sì kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní a kò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti fi ra ohun tó lè pa á. Àwọn kan ní owó ọmọ ẹgbẹ́ ni, ohun tó bá wù ú ni kó fi ṣe, ṣáà ti san èlé rẹ̀.

A kò fara mọ́ èkíní, a kò sì fara mọ́ èkejì. Àwọn tó ń sọ pé afẹ́ lásán ni páwà-báìkì, òótọ́ ni wọ́n sọ, afẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, tí ọ̀rọ̀ Ọjúde Ọba bá ti gba ìlú, mélòó nínú àwa àgbà ni kì í wá yáwó nítorí aṣọ régbérégbé? Ẹgbẹ́ ń yá wa, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá léèrè pé èrè wo ni aṣọ náà máa mú wá. Aṣọ tí a wọ̀ lọ́dún tó kọjá, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ wa lónìí ní ìdajì owó tí a rà á? Alùpùpù tí a fi ọgbọ́n rà, a lè tà á. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú “tí a fi ọgbọ́n rà” yẹn. Ohun tí ó ń ba owó ẹgbẹ́ jẹ́ ni pé ọmọ náà san iye tí ọjà náà kò tó, ní ọjọ́ tí ó bá sì fẹ́ tà á láti fi san gbèsè, ó rí i pé ìdajì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ìdajì tó kù, ọrùn àwọn onídùúró ló wà.

Kì í ṣe òní ni alùpùpù wọ inú ìṣirò owó wa. Àwọn àgbà rántí 1975, nígbà tí wọ́n san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí olùkọ́ àti akọ̀wé tí ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí Honda. Tuntun ni wọ́n ń rà nígbà náà. Honda tilẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Ìgbà tí SAP dé ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já, ni nǹkan tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ọwọ́ olówó oṣù, tí tọ́kùnbọ̀ wá di ọjà. Láti Okudu 2023 tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní ọjà owó òkèèrè, iye tí wọ́n pe alùpùpù kan lóṣù yìí kì í ṣe iye tí wọn yóò pè é lóṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà a kò ní kọ iye owó sínú ìwé yìí. Kí inki tó gbẹ ni yóò ti di irọ́. Ọ̀nà tí a fi ń ṣírò rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń rà. Honda CG125 tó jáde ní 1976, tí àwọn ará Ṣáínà ti ṣe àfarawé rẹ̀ títí a kò fi mọ iye mọ́, písítìn kan ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ tutù, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹṣin mọ́kànlá lọ. Mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi ẹ̀bá ọ̀nà lè tú u kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n Yamaha R1 tó jáde ní 1998, 998cc ni, písítìn mẹ́rin, fáàfù ogún, omi ló ń tu ú nínú, agbára rẹ̀ sì jẹ́ bí àádọ́jọ ẹṣin. Ẹ rò ó wò. Ẹṣin mélòó ni ìdílé Balógun kan ń gùn wọ Ọjúde Ọba? Àádọ́jọ ni ọmọ yìí fẹ́ dá gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, láàrin tírélà. Suzuki Hayabusa ti 1999 tilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, eré rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n fẹnu kò láàrin ara wọn láti má ṣe jẹ́ kí alùpùpù kankan sá ju 299 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. A bi yín o, ibo ni wọ́n ń sá a lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ìwé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ara rẹ̀. Tọ́kùnbọ̀ ni orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a sì gbé wálé, ṣùgbọ́n ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìbí. Alùpùpù náà ní tirẹ̀. Nọ́ńbà ṣáásì wà ní ọrùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ tí a fi ń tọ́ ọ ti ń yí, àmì mẹ́tàdínlógún ni. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JH2, Honda ti Japan ni. JYA, Yamaha ni. JS1, Suzuki ni. JKA, Kawasaki ni. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 5 ni 2005, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ, àfi pé wọn kì í lo I, O àti Q. Ẹni tó ń tà bá ní ti 2012 ni, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 6, ọdún mẹ́fà ló fi purọ́ fún yín. Ẹ má bá a jà. Ẹ fi í sínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi fáìlì họ nọ́ńbà náà, tàbí pé ti ara alùpùpù kò bá ti ìwé kọ́sítọ̀mù mu, kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹ kí onítọ̀hún pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fẹ́ fún yín.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà kì í sọ. Ní òkè òkun, bí alùpùpù bá ní ìjàǹbá tí owó àtúnṣe rẹ̀ sì pọ̀ jù, ilé iṣẹ́ adójútòfò á gbà á, wọ́n á sì tà á ní gbàǹjo. Àwọn kan nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Amẹ́ríkà a máa kọ “salvage” sórí ìwé rẹ̀. Ní Britain, láti Ọ̀wàwà 2017, wọ́n ń pín irú àwọn tí a ṣì lè tún ṣe sí ọ̀nà méjì: S ni èyí tí egungun rẹ̀ bàjẹ́, N ni èyí tí egungun rẹ̀ kò fara kan. Ọmọ tàbí àbúrò yín tó wà níbẹ̀ lè fi nọ́ńbà náà wádìí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A kò ní kí ẹ má ra N. Ohun tí a ń wí ni pé ẹ má san owó aláìlábàwọ́n lórí rẹ̀. Ti S, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí pé álúmínì ni férémù ọ̀pọ̀ nínú wọn, wẹ́dà tó ń jó géètì kò sì lè jó o bó ti yẹ.

Tí ẹ bá wá fẹ́ wo ara rẹ̀, ojúmọmọ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ìgbà òjò. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má tàn án kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bó bá ti gbóná, ó ní ìdí tó fi gbóná. Ẹ́ńjìnnì tí kì í fẹ́ tàn nígbà tó bá tutù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tàn de oníbàárà.

Ìyá wa tó ń ra epo ní Òkè-Àjẹ́, yóò da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó sanwó kẹ́ẹ̀gì kan. Òun náà ló bí ọmọ tó ń san mílíọ̀nù lórí alùpùpù nítorí pé ike ara rẹ̀ ń dán. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ike yẹn, aṣọ rẹ̀ ni, a lè ra òmíràn kí a sì kùn ún. Ẹ wo ibi tí aṣọ kò bò: ṣóńṣó ọwọ́ bíríìkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì, orí ọwọ́ ìtọ́ni, ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, ìdérí ẹ́ńjìnnì lápá òsì àti ọ̀tún. Bí wọ́n bá ti ha, alùpùpù náà ti ṣubú lápá ibẹ̀. Kí ẹ wo irin kékeré tó ń dá ọrùn dúró nígbà tí a bá yí i dé òpin. Bó bá ti tẹ̀, ìṣubú náà kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ kí ẹni kan gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí ọrùn rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń há díẹ̀ ní àárín, bíárìn ọrùn ti lọ. Ẹ wo irin dídán tó wà lára ṣọ́ọ̀kì iwájú. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́, ọ́ìlì yóò máa jò níbẹ̀, kò sí rọ́bà tuntun tí yóò dá a dúró.

Ẹ di ṣéènì mú ní ẹ̀yìn ẹ̀yìn eyín ńlá, kí ẹ fà á. Bó bá kúrò tí ìdajì eyín fi hàn, ṣéènì àti eyín méjèèjì ni ẹ máa rà. Táyà ní òǹkà mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2014. Táyà tó ti pé ọdún mẹ́wàá nílé ìkó-ẹrù, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀, ó ti le bí pákó, òjò kan ṣoṣo ló kù tí yóò fi gbé ọlọ́kọ̀ ṣubú. A tẹnu mọ́ táyà nítorí pé èyí tó ń jẹ́ 120/70-17 níwájú àti 180/55-17 lẹ́yìn, tí púpọ̀ nínú wọn ń lò, kì í ṣe ohun tí fọ́kánáísà tó wà nítòsí yóò nawọ́ mú fún yín.

Tí ó bá wá tàn, ẹ wo èéfín rẹ̀. Èéfín dúdú, epo ló ń mu jù, ìyẹn kò ju ọ̀rọ̀ kábúrẹ́tọ̀ tàbí fílítà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Èéfín tó ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó, owó ńlá nìyẹn. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tàn títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ gbọ́ bí fáànù rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí oòrùn wa kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Kí rìwáyà fi mítà wọn iná bátìrì: bó bá ń sáré díẹ̀, ó yẹ kó wà láàrin 13.5 sí 14.5. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn ni kí ó dán an wò, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ rà á tí ara rẹ̀ ti ń yá gágá. Kí ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní gíà kejì. Bí gíà bá ń fò jáde, àwọn tó ń gbé táyà iwájú sókè láti fi ṣe fújà ló ti gùn ún kọjá, inú ẹ́ńjìnnì la ó sì ṣí ká tó lè tún un ṣe.

Ìbúùsọ̀ kan ni èyí: òǹkà ìrìn ti Amẹ́ríkà àti ti Britain, máìlì ni, kì í ṣe kìlómítà. 20,000 máìlì ju 32,000 kìlómítà lọ. Àwọn tó ń tà mọ̀ ọ́n, wọ́n á kàn dákẹ́ ni.

Ó wá ku iye owó. Àṣìṣe tí a ń rí jù ni ti bàbá tí ọmọ rẹ̀ fi iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ránṣẹ́, tó sì sọ ọ́ di náírà, tó fi owó ọkọ̀ ojú omi lé e, tó ní iye rẹ̀ nìyẹn. Iye ti Lọ́ńdọ̀nù, iye ohun tó ní ìwé àtúnṣe ni, ní ìlú tí páàtì rẹ̀ wà ní ìkòríta. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ pé ẹ ní ẹni tó máa rà á fún yín níbẹ̀, ìgbà ọ̀gìnnìtìn ni kí ó rà á, láti Bélú sí Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n gun alùpùpù, tí oníyọ̀ọ́da ń fẹ́ tà.

Níbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta tó ń tà, kì í ṣe ẹnì kan, iye tí irú rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ tó mọ́ tónítóní ń lọ. Kí a ní ọgọ́rùn-ún náírà ni, kí ìṣirò lè rọrùn; ẹ fi òdo tó kù kún un fúnra yín. Kí mẹkáníìkì tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Táyà méjèèjì, náírà méjìlá. Ṣéènì àti eyín, méje. Bíríìkì, mẹ́rin. Rọ́bà ṣọ́ọ̀kì, mẹ́ta. Ìwé àti nọ́ńbà, mẹ́fà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ku méjìdínláàádọ́rin. Ẹ̀yin lè rò pé ibẹ̀ ni kí a dúró sí. Rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ tún yọ mẹ́wàá fún ohun tí ojú mẹkáníìkì kò tó, nítorí kò tú ẹ́ńjìnnì. Náírà méjìdínlọ́gọ́ta ló kù. Ẹ ná an láti àádọ́ta, bí ó bá sì kọjá méjìdínlọ́gọ́ta, ẹ dìde. Àwa Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ owó ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú wa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí a lè dìde lórí ìjókòó. Ẹni tó ń tà yóò pè yín padà, bí kò bá sì pè yín, òmíràn wà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ béèrè bí yóò ti ná yín tó lọ́dún kan. Níhìn-ín ni a ti fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kò gun ju CG125 rí, kí ó má bọ́ sórí R1. Kawasaki Ninja 250 tàbí 300 wà, Yamaha R3 wà, Honda CBR500R wà, písítìn méjì péré ni wọ́n ní, ìrísí wọn wu ojú, epo tí wọ́n ń mu mọ níwọ̀n. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹni tó lè rà á pọ̀ ju ẹni tó lè ra 1000cc lọ. Ìyẹn nìkan tó láti fi yan án lójú oníṣòwò.

Àṣíborí ńkọ́? Àwọn kan á rántí Ṣẹ́rẹ́ 2009, nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà dé àṣíborí, tí àwọn kan dé igbá. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àṣíborí tọ́kùnbọ̀ kò sàn ju igbá lọ púpọ̀, nítorí fóòmù inú rẹ̀ tó bá ti gba orí ẹnì kan là lẹ́ẹ̀kan kò ní gba ti ẹlòmíràn, ojú òde rẹ̀ kò sì ní fi hàn. Tuntun ni kí ẹ rà, kí owó rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò kan náà.

Àbá tí a fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò nìyí. Kí ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lórí iye tí ẹni tó ń tà pè é, bí kò ṣe lórí iye tí ìṣirò mẹkáníìkì bá gbé jáde. Kí ẹ̀yáwó náà má ju ìdajì iye yẹn lọ. Kí ọmọ ẹgbẹ́ fi owó tirẹ̀ dí ìyókù. Kí àwọn onídùúró méjèèjì fi ojú ara wọn rí alùpùpù náà kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Kí ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí ẹgbẹ́ títí gbèsè yóò fi tán. Àwọn kan ti ń sọ pé ó le jù. A bi wọ́n: ìdójútòfò tí òfin fi dandan lé wa lórí, ti ẹni tí a bá ṣe léṣe nìkan ló ń san. Bí olè bá gbé alùpùpù náà lọ lálẹ́ ọ̀la, ta ni yóò san án? Ìjọba pẹ̀lú lè sọ ọjà di aláìníyì lọ́jọ́ kan. Ní Okudu 2022 tí Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi rún èyí tí wọ́n gbà.

Ti 1000cc sókè, èrò wa ni pé kí ẹgbẹ́ má yá owó lórí rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní owó tirẹ̀, kí ó rà á, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò gbà pẹ̀lú wa lórí èyí, ìpàdé ló máa yanjú rẹ̀.

Ìwé kékeré kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé tí a to gbogbo ohun tí mẹkáníìkì gbọdọ̀ wò sí, àyè sì wà níbẹ̀ láti kọ iye owó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ti kọ̀wé béèrè ẹ̀yáwó ṣáájú oṣù yìí, kí wọ́n wá gba tiwọn, kí wọ́n mú un lọ síbi alùpùpù, kí wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú ìfọwọ́sí mẹkáníìkì àti ti onídùúró méjèèjì kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.